Mo Gbé Iṣu Márùn-ún Lọ Wo Àwọn Onírọ́ọ̀kì ní Jọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Táíwò Road, ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró láti ìgbà tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo rin ìrìn ọjọ́ méjì nítorí orin, ẹ sinmi. Òótọ́ ni. Ẹni tó sọ fún yín pé wọ́n fi mí ṣe alága níbẹ̀ kò parọ́. Ẹni tó ní wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀ lórí sítéèjì bí ẹni gbé àpótí, òun náà kò parọ́. N ó rò ó fún yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí n lè máa ra búrẹ́dì mi lálàáfíà.

Tísà bàọ́lọ́jì ni mí ní iléèwé girama kan ní Fate, ní Ìlọrin níhìn-ín. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, akọrin ẹgbẹ́ kúáyà. Bí ẹ bá rí mi lójú títì pẹ̀lú ìwé máàkì lábẹ́ abíyá, ẹ ó ní ọmọlúàbí ló ń kọjá lọ yẹn. Ẹ ò mọ̀ pé bí mo bá ti wọlé tí mo tilẹ̀kùn, orin rọ́ọ̀kì ni mo máa ń yí sókè, tí n ó máa mi orí títí ọrùn á fi máa ro mí. Onílé mi nìkan ló ti rí mi rí, òun náà sì rò pé wárápá ni. Ó gbàdúrà fún mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ń bẹ ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n ń pe ara wọn ní Kẹ́tùlù. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Inú yàrá ni wọ́n ti ń gba orin wọn sílẹ̀, wọ́n á dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ sí i lára. Bí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, ẹ ó gbọ́ tí àkùkọ ń kọ lẹ́yìn orin kejì. Ẹni tó ń ta gìtá fún wọn, ọmọ Ìlọrin ni. Lúkúmánù lorúkọ rẹ̀, Lúkù là ń pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni tẹ́lẹ̀, èmi náà sì ni mo kọ́kọ́ gbé gìtá lé e lọ́wọ́.

Ibí yìí ni kí ẹ ti fẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ààfáà ni bàbá Lúkù, ilé kéwú wọn kò jìnnà sí ọjà Ìpata. Wọ́n fa ọmọ wọn lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa kọ́ ọ ní lẹ́sìnnì bàọ́lọ́jì nírọ̀lẹ́, kó lè di dókítà. Mo kọ́ ọ lóòótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, a ka ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó rí gìtá kúáyà wa lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Bọ̀dá Tísà, kí lèyí?" A ò ka kíndìnrín mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tó wọ yunifásítì ní Jọ́ọ̀sì tó sì fi ìwé sílẹ̀ fún orin, Ààfáà ní tó bá jẹ́ pé gìtá ló fẹ́ máa gbé kiri, kó má gbé ẹsẹ̀ wọ ilé àwọn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta yìí, bí mo bá pàdé Ààfáà lọ́nà, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n á sì ṣàdúrà fún mi gẹ́gẹ́ bí tísà rere. N ó ṣe àmín. Ẹ sáà wo ojú mi!

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Lúkù kọ̀wé sí mi pé Kẹ́tùlù fẹ́ ṣeré nínú gbọ̀ngàn ńlá kan lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ó ku oṣù kan péré kí Iléyá pé. Mo lọ ra iṣu lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìpata, mo sì purọ́ fún wọn pé ìpàdé àwọn tísà ló ń gbé mi lọ sí Jọ́ọ̀sì. Ìyá Lúkù gbé iṣu tí wọ́n ń wò kalẹ̀.

"Tísà," wọ́n ní, "bá mi rí ọmọ mi. Sọ fún un kó wá ṣe Iléyá nílé. Kó wá jẹran, kó padà. Ojú bàbá rẹ̀ ti ń dùn wọ́n, wọn ò ríran kà mọ́. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á dákẹ́ ọ̀rọ̀. Ìwọ lo kọ́ ọ níwèé. Ọ̀rọ̀ tìẹ ni yóò gbọ́."

Mo ní, "Mo gbọ́, Mà." Wọ́n ṣa iṣu márùn-ún gìdìgbà fún un, wọ́n fi èédú fa àmì tiwọn sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dì wọ́n sínú àpò kan. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí tèmi pàápàá. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń gbé iṣu lọ síbi orin rọ́ọ̀kì.

Mo dé

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín lágara. Ẹ sáà mọ̀ pé orí itan mi ni iṣu náà jókòó sí, àti pé ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí nígbà mẹ́rin pé ṣé kò sí iṣu ní Jọ́ọ̀sì ni.

Òtútù ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ̀yin ará ilé, oṣù tí àwa ń fi páálí fẹ́ ara wa níhìn-ín, kóòtù ni wọ́n ń wọ̀ lọ́hùn-ún. Ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo wọ̀ sọ̀kalẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, yìnyín wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òkúta gàgàrà dúró yí ìlú ká, eyín mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Mo ti lérí fún gbogbo èèyàn níléèwé pé kò sí ìṣòro, ará Ìlọrin ni mí, mo gbọ́ Hausa. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Hausa tí mo gbọ́ kò ju "èló ni?" àti "ó ti wọ́n jù" lọ. Ẹ wo bí ẹ ó ṣe fi ìyẹn béèrè ọ̀nà.

Bàbá kan tó ń ta tíì rí mi níbi tí mo ti ń gbọ̀n. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gba àpò iṣu, ó gbé e sábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó fi mí jókòó, ó da tíì gbígbóná láti inú ife kan sínú ìkejì títí ó fi ń hó, ó gbé e fún mi. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo mu ún tán ló tó fi Òyìnbó àmúlùmálà kí mi. Ó kí mi, ó kí òtútù, ó kí ìrìn àjò, ó kí àwọn ará ilé mi, ó tún padà wá kí mi. Mo fẹ́ sanwó, ó kọ̀, ó ní àjèjì tó bá gbọ̀n kì í sanwó ife àkọ́kọ́. Ó wá fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó bá mi gbé iṣu, ó sì mú mi rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà Lúkù. Mo ronú kan iye àjèjì tí mo ti fi ọwọ́ júwe Ìpata fún láì dìde lórí àga mi. Ojú tì mí díẹ̀.

Ilé àwọn Kẹ́tùlù

Yàrá kan ni àwọn mẹ́rin ń gbé. Wáyà ló kún ilẹ̀ débi pé ńṣe lẹ ó máa gbẹ́sẹ̀ bí ẹni ń sọdá odò. Rìfkátù ni obìnrin tó ń kọrin fún wọn, ọmọ ìlú náà, ó ga, ó fá irun rẹ̀ kodoro, ó wọ bàtà sójà. Mo ti ń bẹ̀rù rẹ̀ láti inú kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó rí mi, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ kí mi, nítorí Lúkù ti kọ́ wọn pé báyìí ni wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wa. Èmi tí mo fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí akọni sí akọni, mo dúró, mo ń ṣàdúrà fún un bí bàbá arúgbó.

Wọ́n fún mi lóúnjẹ. Ẹ̀yin ará ilé, àwọn èèyàn yẹn mọ ànàmọ́ òyìnbó. Sísè láàárọ̀, díndín lọ́sàn-án, nínú ọbẹ̀ lálẹ́. Wọ́n tún ní ọkà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní àchà, tí wọ́n fi ń se àsáró kan tó kún fún ewé àti ẹ̀pà. Gwáté lorúkọ rẹ̀. Mo wò ó, mo ní lọ́kàn mi pé oúnjẹ aláìsàn nìyí. Mo jẹ àwo mẹ́ta.

Lúkù tú àpò iṣu. Ó gbé ìkan yí, ó rí àmì èédú ìdí rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò rá a pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, kò jẹ́ kó parẹ́. Àwọn tó kù ń pariwo pé iṣu dé, iṣu dé. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo la ẹnu.

"Ìyá ẹ kí ẹ," mo ní.

"Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

"Àlàáfíà ni."

Ó tán! Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ ọ́ nísinsìnyí, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́, kò ní lè ta gìtá lọ́la. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run má ṣe bínú sí mi, òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ba orin mi jẹ́.

Alága

Ẹ jẹ́ ká sọ ti agbádá. Ta ni nínú yín tí yóò lọ síbi tí olórin ti ń ṣeré tí kò ní múra? Mo ti lọ agbádá léèsì mi aláwọ̀ ewé láti Ìlọrin, mo ti di fìlà sínú páálí kó má baà rún. Mo wọ̀ ọ́, mo da apá rẹ̀ sí èjìká, mo sì wọ gbọ̀ngàn. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló wọ jíìnsì tó ya lórúnkún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré pàdé mi, ó tẹríba, ó mú mi lọ síwájú pátápátá, ó nu àga kan fún mi, ó gbé míńírà kan sí ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo rò pé ọ̀wọ̀ àlejò ni. Kò pẹ́ tí ó fi gba máìkì, ó sì kéde pé ẹni tó ni gbọ̀ngàn ti dé, kí Alhaji ó jọ̀ọ́ ṣí eré fún àwọn pẹ̀lú àdúrà. Mo wẹ̀yìn láti wo Alhaji. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dìde. Mo gbàdúrà bí a ṣe ń gbà á ní kúáyà, mo gbà á gùn, mo sì parí rẹ̀ lórúkọ Jésù. Ẹnu ya àwọn tó mọ Alhaji.

Lẹ́yìn náà ni Kẹ́tùlù bẹ̀rẹ̀. N kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Ohun tí mo ti ń gbọ́ láti inú rédíò kékeré mi, tó ń dún bí ẹni há sínú agolo, ló wá ń gbọ́n mi nínú egungun. Rìfkátù pariwo, ilẹ̀ mì. Lúkù dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò wo ẹnikẹ́ni, ìka rẹ̀ ń sá lórí okùn gìtá. Ó wá dá nìkan ta ohùn kan, ó lọ́ra, ó rọra ń gòkè, mo sì dá a mọ̀: ó ń lọ bí ohùn àwọn ọmọ ilé kéwú bí wọ́n bá ń ka wàláà wọn pọ̀ lówùúrọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn náà àfi èmi. Ara mi bù máṣọ. Omi ń bọ́ lójú mi, n kò sì mọ ìgbà tí mo dìde.

Bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n nílé: bí orin olórin bá wọ̀ ọ́ lára, o ó lọ bá a, o ó lẹ náírà mọ́ ọn níwájú orí, o ó wá dúró ṣinṣin kó pe orúkọ rẹ àti ti bàbá rẹ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo gun sítéèjì, mo gbá apá agbádá sókè, mo sì na ọwọ́ sí iwájú orí Lúkù. Ojú rẹ̀ wà ní dídì. Ó ta gìrì, gìtá náà han gooro, náírà lẹ̀ mọ́ ọn lójú. N kò sá. Mo dúró, mo gbé àyà síwájú, mo ń retí kí wọ́n pe orúkọ mi.

Àwọn géńdé méjì ló pè mí. Wọ́n gbé mi lábẹ́ abíyá, ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀, fìlà mi bọ́. Lúkù wá sún mọ́ máìkì.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ó ní lédè Òyìnbó. "Tísà mi ni. Àwọn ló kọ́ mi." Ó wá ṣẹ́jú, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ló gbọ́ ọ: "Láti ọdún mẹ́ta, àwọn ni ará ilé àkọ́kọ́ tó wá wò mí."

Ẹ̀rín pa gbọ̀ngàn, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé fìlà mi fún mi. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀bi

Lẹ́yìn tí wọ́n tú ká, òjò tún dé, àwa méjèèjì jókòó sábẹ́ páànù lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mo jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Mo sọ ti ojú Ààfáà. Mo sọ ti ilẹ̀kùn tí wọ́n bá kàn. Lúkù gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń fi aṣọ nu gìtá.

"Bọ̀dá, mo fẹ́ lọ," ó ní. "Wállàhí, kò sí ọjọ́ tí mi ò rò ó. Ṣùgbọ́n Bàbá ní kí n má gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ìyá mi ò lè mú ọ̀rọ̀ yẹn kúrò nílẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ pè mí."

"N ó bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó wò mí. "Ṣé ẹ ti sọ fún wọn ẹni tó kọ́ mi?"

Mo ní, "Rárá."

"Lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí. Wọ́n ní ta ló fi gìtá hàn mí. Mo ní mo kàn rí i ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ẹ̀yin ará ilé, ibẹ̀ ni mo ti rí ara mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló gbé ẹ̀bi mi rù kúrò nílé bàbá rẹ̀, èmi ń ṣe àmín lójú títì. Mo fi agbádá yẹn bora nítorí òtútù, mo sì sunkún sínú rẹ̀.

Ilé Ààfáà

Ọjọ́ tí mo padà dé Ìlọrin gan-an ni mo lọ. N kò jẹun, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá jẹun, n ó sùn, bí mo bá sì sùn, n kò ní lọ mọ́. Ààfáà jókòó lórí bùsù awọ àgbò wọn, tẹ̀súbà ń rìn lọ́wọ́ wọn. Ìyá Lúkù wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, n kò dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ààfáà. Èmi ni mo gbé gìtá fún Lúkúmánù. Kì í ṣe bàọ́lọ́jì là ń kà. Irọ́ ni mo ń pa fún yín."

Tẹ̀súbà kò dúró. "Mo mọ̀," wọ́n ní.

Mo gbé orí sókè.

"Ọmọ tó ń kàwé nírọ̀lẹ́, ṣé ó yẹ kí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ le bí ti alágbẹ̀dẹ? Mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ́ ọ ní kéwú, Tísà. Mo mọ̀. Kí ọ̀kan nínú yín sọ ọ́ ni mo ń retí. Òun kò sọ, ó ń bò ọ́. Ìwọ náà kò sọ, o ń bo ara rẹ. Dìde jókòó."

Mo jókòó. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí n ó fi ọwọ́ sí. Wọ́n bi mí pé níbo ni Lúkù ń sùn, kí ló ń jẹ, ṣé ó ní aṣọ òtútù. Mo dá wọn lóhùn. Wọ́n bi mí pé ṣé ó mọ̀ ọ́n ta. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ti ohùn tó ta, tó ń lọ bí ti àwọn ọmọ kéwú lówùúrọ̀. Tẹ̀súbà dúró.

"Gbé ìwé," wọ́n ní. "Ojú mi ò gbé e mọ́. Bá mi kọ ọ́."

Wọ́n ní kí n kí i. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti bímọ, pé wọ́n ti ra àgbò, pé páànù yàrá rẹ̀ ń jò tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé kí Iléyá tó pé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀súbà padà, bí ẹni tó ti sọ tán.

Mo ní, "Ààfáà, gìtá náà ńkọ́? Kí ni kí n kọ?"

"Ìwọ lo gbé e fún un," wọ́n ní. "Ìwọ ni kó o kọ ìyẹn."

Mo wo Ìyá Lúkù. Wọ́n ti fi ìborùn bo ẹnu. Mo kọ gbólóhùn kan, mo sì kà á sókè fún wọn: "Gbé gìtá náà dání bí o bá ń bọ̀."

Ààfáà na ọwọ́, wọ́n gba bírò. Wọ́n tẹ̀ mọ́ ìwé náà títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, wọ́n bi mí pé níbo ni gbólóhùn mi parí sí. Mo mú ọwọ́ wọn dé ibẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí ní Lárúbáwá, gàdàgbà-gàdàgbà.